Èdè Tó Ṣẹ́kù Sí Màmá Lẹ́nu

Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù Èbìbí

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́wọ́ nígbà tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nínú báàgì. Mi ò gbé e. Ó tún gbọ̀n. Ìyá Safurat tí ilé wa jọ kọjú síra ni, kì í sì í pè mí níbi iṣẹ́.

"Ìyá Tósìn, ẹ máa bọ̀. Màmá ṣubú sí kíṣìnì. Ojú wọn là sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè dìde."

Òjò ti ṣú bo gbogbo òkè Ọ̀kà. Ọkọ̀ Ìkàrẹ́ kan ṣoṣo ló wà ní gáréèjì, kò sì tíì kún. Mo bẹ dẹ́rẹ́bà títí ó fi gbéra. Òjò náà ká wa mọ́ ọ̀nà, a kò rí iwájú mọ́, dẹ́rẹ́bà dúró sẹ́bàá ọ̀nà. N kò mọ̀ pé mò ń sọ̀rọ̀ sókè títí ìyá kan tó jókòó tì mí fi dì mí lọ́wọ́ mú.

Rọpárọsẹ̀ ni. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Apá ọ̀tún Màmá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò gbéra mọ́, ẹnu wọn sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Dókítà tẹ̀ba sí etí wọn, ó ní, "Màmá, kí lorúkọ yín?" Màmá dáhùn. Ìdáhùn náà gùn. Dókítà yíjú sí mi.

Mo ní, "Èdè Ese ni, sà. Mi ò gbọ́ ọ."

"Ẹ ò gbọ́ èdè ìyá yín?"

"Ìyá ọkọ mi ni. Ọmọ Ọ̀kà lèmi."

Tósìn ní ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì lọ́la. Mo ní kó gbàdúrà kó sì lọ sùn. Mi ò sọ bó ṣe le tó fún un.


Ẹtì, ọjọ́ kẹwàá

Bàbá Tósìn dé láti Lọ́kọ́ja, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ó wọ yàrá ilé ìwòsàn náà, ó pe ìyá rẹ̀ ní èdè Ese, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo rí i pé òun náà ń wá ọ̀rọ̀ kiri lẹ́nu ara rẹ̀, ó ń dúró, ó ń pààrọ̀ wọn. Ó ti kéré jù nígbà tó kúrò ní Ese, ìlú wọn.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé àìsàn náà ti gba Yorùbá lọ́wọ́ wọn, àti èyí tí wọ́n ń sọ àti èyí tí wọ́n ń gbọ́. Èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi mu ọmú ló ṣẹ́kù. Mo bi í bóyá èyí tó lọ yóò padà. Ó ní ó lè padà, ó sì lè má padà, ká máa bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáá.

Èmi ń rò ó nínú ọkọ̀ bí mo ti ń padà sílé lọ se oúnjẹ. Yorùbá tí Màmá fi bá mi jà láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, pé ọbẹ̀ mi ṣàn jù, pé ará Ọ̀kà ò mọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọmọ, pé ta ló ń fi ọmọ ọdún méjì sí ilé-ìwé. Gbogbo ẹ̀ ti lọ. N kò mọ̀ pé n óò fẹ́ kó padà.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Wọ́n dá wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Tósìn kó ìwé rẹ̀ kúrò ní yàrá rẹ̀ fún Màmá láìjẹ́ pé mo sọ fún un. Ó ti ń kàwé ní pálọ̀ báyìí, lórí tábìlì tí a fi ń jẹun. Happiness, àbúrò rẹ̀, ń bi mí pé ṣé Màmá ṣì mọ òun.


Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bàbá Tósìn ti padà sí Lọ́kọ́ja. Wọ́n fẹ́ da dẹ́ẹ̀kì ilé tí wọ́n ń kọ́, bí kò bá sí níbẹ̀ wọn yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó fọwọ́ lé mi léjìká lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàgì rẹ̀.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ nìyí. Mo máa ń jí ṣáájú kí wọ́n tó pe ìrun. Mo pààrọ̀ pámpásì Màmá, mo nu ara wọn, mo fi òróró ra apá àti ẹsẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́, mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń nà án bí nọ́ọ̀sì ṣe fi hàn mí. Mo po ògì. Mo fún wọn lóògùn. Happiness á wẹ̀, á wọṣọ. Tósìn á lọ síbi ìdánwò. Ìyá Safurat á wọlé wá jókòó ti Màmá pẹ̀lú ẹ̀wà tó ń ṣà, èmi á sáré lọ wọ ọkọ̀ Ọ̀kà. Owó ọkọ̀ ti tún lọ sókè. Tí mo bá dé lọ́sàn-án, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akíndèjì, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ò bá mi wí pé mo ń pẹ́. Ó kàn ń wo aago tí mo bá ti ń wọlé. Ì bá sàn kó bá mi wí.


Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Màmá fi ọwọ́ òsì wọn gbá abọ́ ògì dànù lónìí. Ó dà sí mi láyà, ó gbóná. Wọ́n pariwo ọ̀rọ̀ kan, wọ́n tún un sọ, ojú wọn pọ́n. Mo pe Bàbá Tósìn, nẹ́tíwọ̀kì ò sí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo sunkún, Màmá náà ń sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì, a ò sì lè bi ara wa léèrè ohun tí à ń sunkún sí.

Nígbà náà ni mo rántí Sọ̀fíyàt, ọmọbìnrin tó ń dirun ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Ese ni. Tí a bá ti parí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, ibẹ̀ ni Màmá máa ń yà sí, tí a ó máa dúró dè wọ́n nínú oòrùn. Mo sáré lọ pè é. Ó fi irun oníbàárà kan sílẹ̀ láìdì í tán, ó tẹ̀ lé mi.

Ó kúnlẹ̀ kí Màmá. Màmá dì í lọ́wọ́ mú wọ́n sì ń rojọ́, wọ́n ń rojọ́. Sọ̀fíyàt dorí kodò.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Wọ́n ní kí ni àwọn ṣe fún yín tí ẹ fi ń fi ọwọ́ òsì bọ́ àwọn."

Mo ronú kàn án. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń gbé wọn lẹ́yìn ró kí wọ́n má baà ṣubú, ọwọ́ òsì ló ń di ṣíbí mú. Látìgbà tí a ti dé láti ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń gbé àbùkù yẹn mì pẹ̀lú oúnjẹ.

"Sọ fún wọn pé n kò mọ̀. Jọ̀ọ́, sọ ọ́ dáadáa."

Ó sọ ọ́. Màmá wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Happiness bọ́ sí ẹ̀yìn wọn, ó fi ẹ̀yìn tirẹ̀ ti tiwọn, èmi sì fi ọwọ́ ọ̀tún bọ́ wọn ní ìyókù ògì tó wà nínú ìkòkò.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Wọ́n jẹun tán. Gbogbo rẹ̀.


Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Òkúdù

Sọ̀fíyàt ti ń yà wá tó bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Kì í pẹ́. Happiness máa ń bi í pé kí ni wọ́n ń pe èyí, kí ni wọ́n ń pe ìyẹn. Lónìí ó mọ omi, ó mọ "ó dùn mí," ó mọ "ó tó." Mo ní kó kọ́ èmi náà. Ahọ́n mi wúwo. Màmá gbọ́ bí mo ṣe pe omi, apá ibi tí ẹnu wọn ṣì ń ṣiṣẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọlidé. Òjò láti òwúrọ̀, aṣọ Màmá ò gbẹ, gbogbo ilé ń rùn. Mo ta okùn sí pálọ̀, aṣọ rọ̀ sórí Tósìn níbi tó ti ń kàwé.

Mo ní kó dìde wá bá mi gbé Màmá. Ó ní òun ń bọ̀. Mo tún pè é. Ó gbá ìwé dé.

"Mummy, ọ̀la ni Bàọ́lọ́jì! Ṣé ẹ rántí? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí rí bí àwọn èyí tí mo ti ṣe ṣe rí."

Mo fẹ́ bá a wí. Òótọ́ ló sọ. Ó wá bá mi gbé Màmá, a gbé wọn, a pààrọ̀ aṣọ wọn. Nígbà tí a ṣe tán mo bu ìrẹsì fún un, mo fi ẹyin méjì sí i, mo jókòó tì í. Mo ní, "Ó dáa, sọ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí o kọ́kọ́ ṣe." Ó kọ́kọ́ ń yọ nǹkan kéékèèké lẹ́nu. Nígbà tó yá kò dákẹ́ mọ́. Ọmọ yìí fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́.


Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Iléyá. Ẹran wọlé láti ilé Ìyá Safurat, ẹran wọlé láti ọwọ́ Sọ̀fíyàt. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Màmá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí kò tán bọ̀rọ̀. Ohùn wọn ò le, wọn ò sunkún. Sọ̀fíyàt ló ń nu ojú.

Mo ní, "Kí ni wọ́n wí?"

"Àǹtí, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sílé. Sí Ese."

"Ṣé a ò tọ́jú wọn dáadáa ni?"

Ó bi wọ́n. Màmá mi orí. Sọ̀fíyàt ní, "Wọ́n ní ẹ ò ṣe àwọn níbi rárá. Wọ́n ní láti àárọ̀ dalẹ́, ẹnu yín ń mì, àwọn ò sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Tí ẹ bá rẹ́rìn-ín, àwọn ò mọ ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín. Tí ẹ bá ń jà, àwọn á rò pé tìtorí àwọn ni. Wọ́n ní àfi bí ẹni tó wà lábẹ́ omi. Wọ́n ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn lọ síbi tí wọ́n á ti máa gbọ́ àwọn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Sọ̀fíyàt. Mo lọ sí kíṣìnì, mo dúró síbẹ̀.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo pe Bọ̀dá Godwin ní Àkúrẹ́, ẹ̀gbọ́n Bàbá Tósìn. Òun ni àkọ́bí, ọ̀rọ̀ ìyá wọn kò lè kọjá rẹ̀. Mo sọ ohun tí Màmá wí.

Ó ní, "Ese? Níbi tí kò ti sí dókítà? Ta ló máa tọ́jú wọn?"

Mo ní àbúrò Màmá wà níbẹ̀, Ìyá Anwar, ilé rẹ̀ kún fún ọmọ àti ìyàwó ilé, nọ́ọ̀sì sì wà ní ilé ìlera ìlú náà.

Ó wá ní, "Ìyàwó, sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ó ti sú ẹ ni?"

N kò mọ bí mo ṣe parí ìpè náà.


Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Tósìn parí ìdánwò. Ó sùn láti ọ̀sán, kò jí jẹun. Tòmátì ti wọ́n débi pé ata gbígbẹ ni mo fi ń se gbogbo ọbẹ̀.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Agẹmọ

Tósìn ló dúró ti Màmá, mo fi lọ rí Yèyé mi ní Ọ̀kà. Kùrukùru bo orí òkè, èèyàn ò rí ilé kejì, òtútù wọ inú egungun. Yèyé wà lẹ́bàá iná, wọ́n ń yan àgbàdo tuntun. Wọ́n wo ojú mi, wọn ò bi mí léèrè ohunkóhun títí mo fi jẹ àgbàdo kan tán.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní tí mo bá mú Màmá lọ sí Ese, ìdílé ọkọ mi yóò ní mo lé ìyá wọn jáde. Tí n kò bá mú wọn lọ, lójoojúmọ́ ni n óò máa rí ojú wọn.

Yèyé ní, "Olúrántí, ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ṣé ó sú ọ?"

"Ó sú mi, Yèyé."

"Ó dáa. Tí kò bá sú ọ, ṣé Ese ni ìyá yẹn ì bá ṣì fẹ́ lọ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Má pò wọ́n pọ̀ mọ́."

Wọ́n di àgbàdo fún mi pé kí n mú un lọ fún àwọn ọmọ. Nínú ọkọ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń wá inú ara mi wò. Ìgbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí Màmá lọ kí n lè sùn. Ìgbà mìíràn mo máa ń fẹ́ kí wọ́n lọ kí wọ́n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. N kò lè sọ èyí tó pọ̀ jù.


Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Màmá ò jẹun mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ń gbá abọ́ dànù. Wọ́n kàn pa ẹnu dé, wọ́n kọjú sí ògiri. Sọ̀fíyàt bá wọn sọ̀rọ̀, wọn ò dá a lóhùn. Happiness pe omi fún wọn ní èdè Ese, ó pè é, ó pè é, ó wá bi mí pé ṣé òun ò pè é dáadáa ni.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Bàbá Tósìn wọlé ní ìrọ̀lẹ́ àná. Lónìí ó ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá mọ́ra, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tó ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀. Nígbà tó jáde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pe Bọ̀dá Godwin. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ga tó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

"Bọ̀dá, ìgbà wo lẹ ti bá wọn sọ̀rọ̀ kẹ́yìn? Rárá, kì í ṣe pé ẹ béèrè wọn lọ́wọ́ wa. Àwọn gan-an. Ìgbà wo?"

Ó tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi ò lé ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń mú ìyá mi lọ sílé. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, èmi ni kí ẹ bínú sí."

Ó jókòó sórí ìkòkò tí mo dojú rẹ̀ dé. Mo bu omi fún un. A jọ ń wo aṣọ tó ń gbẹ.


Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

A háyà ọkọ̀. A fi mátíráàsì sí ẹ̀yìn, Màmá dùbúlẹ̀, orí wọn wà lórí itan mi. Àdéhùn wa ni pé a ó lọ, wọ́n á rí ilé, a ó sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ese, Màmá ní kí n gbé àwọn sókè. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò, mo mọ̀ ọ́n. Mo gbé wọn sókè, wọ́n ń wo oko àgbàdo tó ń kọjá lójú fèrèsé.

Ìyá Anwar ti wà níta. Ó ti dàgbà ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sáré. Ó pe Màmá ní orúkọ tí n kò gbọ́ rí, orúkọ ọmọdé ni mo rò. Màmá dáhùn. Lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn gbogbo ilé tó wà lágbègbè náà ń ṣí, àwọn ìyá àgbà ń jáde wá pẹ̀lú ọ̀pá, pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ wọn, wọ́n yí Màmá ká lórí àga tí a gbé wọn sí lábẹ́ igi máńgòrò. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá sọ nǹkan kan, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tún sọ òmíràn, ìyá kan lu àyà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nítorí ẹ̀rín. N kò mọ̀ pé Màmá máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, n kò mọ̀.

Èmi dúró lẹ́bàá ọkọ̀ pẹ̀lú àpò pámpásì lọ́wọ́. Ẹnu gbogbo ènìyàn ń mì. Ẹnìkan yíjú sí mi, ó sọ̀rọ̀, ó ń dúró de èsì. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí òmùgọ̀. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, sókè díẹ̀ sí i, bí èmi náà ṣe máa ń ṣe sí Màmá.

Màmá jẹ iyán. Iyán! Èmi ti ń fi ṣíbí bọ́ wọn ní ògì.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, dẹ́rẹ́bà ní ká máa lọ. Bàbá Tósìn wò mí. Mo mọ ohun tó ń béèrè, mo sì mọ ohun tí wọn yóò wí ní Àkúrẹ́ àti ní Ìkàrẹ́. Mo gbé àpò náà lé Ìyá Anwar lọ́wọ́. Mo fi oògùn hàn án, èyí tó jẹ́ ti àárọ̀ àti èyí tó jẹ́ ti alẹ́, Bàbá Tósìn ń túmọ̀. Mo fi bí wọ́n ṣe ń ra apá náà hàn án. Mo ní kó má fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ wọn.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Màmá. Gbogbo ọ̀rọ̀ Ese tí mo mọ̀ ò ju omi, ìrora àti oúnjẹ lọ, kò sí èyí tí mo lè fi dágbére. Wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn, èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kàn mí lórí.


Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo jí ṣáájú ìrun. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá kí n tó rántí.


Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A ti gba ọlidé ilé-ìwé lọ́jọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn ìsìn òní, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "A gbọ́ pé ẹ ti dá Màmá padà sí abúlé. Ó dára náà, iṣẹ́ yẹn ì bá ti pọ̀ jù fún yín." Ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wo bàtà wọn.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo kọjá.

Sọ̀fíyàt ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ìyá òun pè láti Ese, pé Màmá ti ń pàṣẹ fún gbogbo agboolé, pé wọ́n ti ní kí wọ́n gé ẹ̀ka igi máńgòrò kan tó ń dí oòrùn. Mo dúró tì í, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Ògún

Èmi àti Happiness ti kó wá sí Ese fún ọlidé. Bàbá Tósìn kò ṣàì sọ pé kí n sinmi. Tósìn wà ní Ọ̀kà lọ́dọ̀ Yèyé, ó ń dúró de èsì ìdánwò.

Níbí, èmi ni mo wà lábẹ́ omi. Mò ń ka ẹnu àwọn èèyàn. Tí mo bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ọgbọ̀n, mo ń dì í mú títí á fi bá òmíràn pàdé. Màmá ń kọ́ mi. Wọ́n á tọ́ka sí nǹkan, wọ́n á pè é, èmi á pè é, wọ́n á bínú, èmi á tún un pè. Wọ́n le ju bí mo ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ. Lónìí wọ́n ní ọbẹ̀ mi ṣàn jù. Mo gbọ́ ọ yékéyéké.


Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹfà

Nọ́ọ̀sì wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá, ó ti rọ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gbé díẹ̀. Apá náà kò tíì gbéra, ó ní kí a má retí púpọ̀ nípa rẹ̀.


Ẹtì, ọjọ́ kẹsàn-án

Ìyá àgbà kan lára àwọn tó máa ń jókòó lábẹ́ igi kú lónìí. Ẹgbẹ́ Màmá ni. Màmá ò sọ̀rọ̀ láti ọ̀sán. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n sọ gbólóhùn kan fún mi, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìsí ògbufọ̀. Wọ́n ní ì bá ṣòro fún àwọn tí àwọn ò bá rí i kó tó lọ.


Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Bọ̀dá Godwin dé. Kò pè ká tó rí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kaftáànì funfun ló wọ̀, ojú rẹ̀ le. Ó kí Ìyá Anwar ní Yorùbá, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó, kó ẹrù Màmá jọ. Mo ti gba yàrá fún wọn ní ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́."

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ kí wọn."

Màmá wà lábẹ́ igi. Wọ́n ti rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ń tú jáde, wọ́n fi ọwọ́ òsì na ilé, wọ́n na oko, wọ́n na àwọn ìyá tó jókòó yí wọn ká. Bọ̀dá dúró níwájú wọn. Mo rí i bí líle ojú rẹ̀ ṣe ń tú díẹ̀díẹ̀. Ó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́. Ó yíjú sí mi.

"Kí ni wọ́n ń wí?" Ohùn rẹ̀ kéré.

Mo sọ èyí tí mo gbọ́. Mo ní, "Wọ́n ní kí ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ ti rù. Wọ́n ní ṣé inú yàrá ni ẹ tún fẹ́ lọ ti àwọn mọ́." Àwọn kan wà tí n kò gbọ́, mo sọ fún un pé n kò gbọ́ ìyẹn. Ìyá Anwar ń ràn mí lọ́wọ́.

Kò jókòó. Ó pẹ́ lórí ìdúró, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí mo ṣe rí ọkọ mi tó ń ṣe nígbà kan nílé ìwòsàn, àfi pé ti èyí burú jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú kaftáànì funfun náà, ó sọ gbólóhùn kan ní èdè Ese.

Mo mọ gbólóhùn náà. Happiness ń lò ó lójoojúmọ́. Bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń kí àgbà tí wọ́n bá jí lówùúrọ̀ nìyẹn. Oòrùn sì ti ń wọ̀.

Àwọn ọmọ Ìyá Anwar bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dá ọmọdé lóhùn, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n bi í bóyá ó sùn dáadáa. Ó tún kí wọn. Wọ́n tún dáhùn. Kò ní òmíràn lẹ́nu, nítorí náà ìyẹn náà ló ń wí, orí rẹ̀ wà nílẹ̀, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ń kí ìyá rẹ̀ kú àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ẹni tó tún un ṣe fún un.